Ṣọ́ọ̀bù kan ní Under G fún ẹ̀yin tí ọmọ yín ní òun ò ṣe Máàsì mọ́

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹni tó ń kánjú lè máa lọ: owó tí mo san níbẹ̀ ò dùn mí rárá, àga wọn ló dùn mí, àti owó pírìǹtì. Ṣọ́ọ̀bù náà ò tóbi, Under G ló wà, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, láàárín ibi tí àwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH ń gbé. Iwájú ẹ̀ ni wọ́n ti ń tún fóònù ṣe, àárín ni kọ̀ǹpútà wà, ẹ̀yìn pátápátá tó ṣókùnkùn díẹ̀ ni wọ́n to bẹ́ǹṣì sí fún lẹ́sìnnì. Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni ohun tí wọ́n kọ sára pátákó wọn níta pé àwọn máa ń bá ọmọ SS1 yan sọ́bújẹ́ẹ̀tì. Mo ti ń rí pátákó yẹn tipẹ́, mo rò pé ẹnu lásán ni, pé wọ́n kàn fẹ́ fa èèyàn wọlé wá ṣe fọ́tókọ́pì ni.

Ọmọ mi obìnrin ló ń dà mí láàmú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ SS1, Áàtì ló wà, Mass Comm, ìyẹn iṣẹ́ ìròyìn, ló ní òun fẹ́ kà, ó wá dé láti ilé ìwé lọ́jọ́ kan, ó ní òun ò ṣe Máàsì mọ́, pé kí n wá bá òun sọ fún purinsípà kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò. Kì í ṣe pé ó ń sunkún o, ẹjọ́ ló ń rò bíi lọ́yà, ó ti kó ẹ̀rí jọ. Ó ní ìjọba àpapọ̀ ti sọ ọ́ ní October 2025 pé ọmọ Áàtì ò nílò Máàsì mọ́ láti wọ yunifásítì. Ó ní kí n wo èsì WAEC 2025, pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, 38 péré ló rí kírẹ́díìtì márùn-ún mú pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Máàsì, pé kí ló dé tí èmi á fi máa náwó sórí ohun tí kò ní yọrí. Bàbá ẹ̀ ní ká fi ọmọ sílẹ̀, pé òun náà ò mọ ìṣirò, òun ò sì febi sùn rí. (Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ yẹn, èmi ni mo máa ń bá a ṣírò owó àjọ ẹ̀ lóṣooṣù, ká má fọ̀rọ̀ gùn.) Mo bi tíṣà wọn, ó ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Kansẹ́lọ̀ tí wọ́n ní ilé ìwé ní, ẹni tó yẹ kó máa gba ọmọ nímọ̀ràn, àwọn ọmọ ò mọ ojú ẹ̀. Bí mo ṣe wọ Micra lọ sí Under G nìyẹn, èmi àti ọmọ.

Ọ̀gá tó ni ibẹ̀ ò tíì dàgbà púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ èèyàn kí. "Ẹ káàbọ̀ mọ́mì, ẹ máa wọlé, àǹtí, ẹ káàbọ̀ o." Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló ń pè ní àǹtí yẹn o, inú ọmọ sì ti dùn kó tó jókòó. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ràn ni pé kò dojú ọ̀rọ̀ kọ mí, ọmọ ló dojú ẹ̀ kọ. Ó ní, "Ewo lo fẹ́ sá fún gan-an, Máàsì ni àbí tíṣà Máàsì?" Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó ní méjèèjì ni. Ó ní ó dáa, àwọn á yà wọ́n sọ́tọ̀ kí a tó dìde níbẹ̀.

Ó wá gbé lápútọ́ọ̀pù síwájú ọmọ, kì í ṣe síwájú ara ẹ̀, ó ní kó ṣí IBASS. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, ìkànnì JAMB ni, ibẹ̀ ni wọ́n kó gbogbo kọ́ọ̀sì sí, yunifásítì kan sí èkejì, pẹ̀lú sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fẹ́ kí èèyàn ní nínú WAEC àti mẹ́rin tó máa fi jókòó JAMB. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní dátà àti sùúrù lè jókòó sí yàrá ẹ̀ kó wò ó láìsan kọ́bọ̀, ọ̀gá yẹn fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa kó tó gbowó, ìyẹn ló jẹ́ kí n gba àwọn nǹkan tó sọ lẹ́yìn náà gbọ́. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ló gbà fún ìjókòó yẹn, a sì pẹ́ dáadáa, kò wo aago sí wa lójú.

Ẹ̀rí tí ọmọ mi kó dání, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló gbé wọn. Ti WAEC ló kọ́kọ́ mú. Ó ní lóòótọ́ WAEC gbé 38.32 jáde ní August 2025, àwọn náà ló sì padà wá ní àṣìṣe wà níbẹ̀, pé oríṣiríṣi pépà tí wọ́n pín fún àwọn ọmọ kí wọ́n má baà jí ara wọn wò, kọ̀ǹpútà ò fi ìdáhùn tó yẹ máàkì àwọn kan, wọ́n tún un ṣe, ó di 62.96. Ọmọ ní òun ò gbọ́ ìyẹn. Èmi náà ò gbọ́ ọ, torí ìròyìn àkọ́kọ́ ni gbogbo ayé ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp, èyí tí wọ́n tún ṣe ò rìn jìnnà.

Ó wá kan ti ìjọba, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gbé wà. Ìjọba sọ̀rọ̀ lóòótọ́ ní October yẹn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ọmọ tó fẹ́ ka kọ́ọ̀sì Áàtì lè rí ádímíṣọ̀n láìní kírẹ́díìtì nínú Máàsì. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi jáde pé kí ẹnikẹ́ni má ṣi àwọn gbọ́ o, gbogbo ọmọ ṣì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì àti Máàsì nínú WAEC tàbí NECO wọn. Kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì, tẹkinọ́lọ́jì àti sóṣíà sáyẹ́ǹsì ńkọ́, Máàsì ṣì jẹ́ dandan fún àwọn yẹn. Ọ̀gá ní kí ọmọ kà á sókè, ó kà á. "Ó dáa, ká ní wọ́n gbà fún ẹ kí o má wọ kíláàsì Máàsì mọ́ láti SS1. Ní SS3 orúkọ ẹ ṣì máa wà níbẹ̀, wọ́n á gbé pépà síwájú ẹ, ọdún mẹ́ta tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ fi kọ́ ọ, ìwọ ò sí níbẹ̀." Tíṣà ilé ìwé ì bá ti sọ gbólóhùn kan yìí, èmi ì bá wà ní ṣọ́ọ̀bù mi níbi tí mo ti ń ta àǹkárá.

Ọmọ mi náà ò ṣe tán. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣebí mo kàn lè lọ gba F9, kí n fìdí rẹmi nínú Máàsì, kí n sì wọlé pẹ̀lú ẹ̀." Mo fẹ́ bínú, ọ̀gá ní kí n fi í sílẹ̀, pé ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ó ní tó bá jẹ́ Yorùbá tàbí Theatre Arts ló fẹ́ kà, ó ṣeé ṣe kí ìyẹn bọ́ sí i. Ó wá ní kó wá Mass Comm, yunifásítì mẹ́rin márùn-ún, kó máa wo fákọ́tì tí wọ́n fi sí. Ibẹ̀ ni ọmọ ti panu mọ́, torí níbì kan abẹ́ Áàtì ló wà, níbòmíì abẹ́ sóṣíà sáyẹ́ǹsì ni, àwọn míì ní fákọ́tì tiwọn ọ̀tọ̀ fún un, ohun tí ibì kan ń béèrè ò sì bá ti ibòmíì mu. Orúkọ kan náà ni kọ́ọ̀sì ń jẹ́ o. Ó tẹ Economics, ó tẹ Accounting, Máàsì wà nínú WAEC wọn, ó tún wà nínú JAMB wọn. Ọ̀gá ò tẹnu mọ́ nǹkan kan, ó kàn bi í pé kí ló fẹ́ kà nígbà tó wà ní JS1. Ọmọ ní nọ́ọ̀sì. Ó ní nígbà tó wà ní JS3 ńkọ́. Ó ní eré orí ìtàgé. Ọ̀gá ní, "Ní SS2 wàá tún sọ òmíì, ìyẹn ò burú, mi ò kàn fẹ́ kí o ti ilẹ̀kùn tó ò tíì dé."

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kì í ṣe pé wọ́n kàn ń sọ pé dandan, dandan, dandan. Ohun tó jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀ ibẹ̀ fún àwọn èèyàn mi ni pé ó bá ọmọ wá ohun tó ṣeé yọ kúrò. Gẹ̀ẹ́sì ò ṣeé yọ, Máàsì ò ṣeé yọ, Síífíìkì tí wọ́n ti sọ di Citizenship and Heritage Studies báyìí náà ò ṣeé yọ. Iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní trade subject, ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀kan, èyí tó máa jẹ́ ọ̀kan yẹn ni kò sẹ́ni tó fi òfin dè é. Tẹ́lẹ̀, 34 ni iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nínú kòríkúlọ́ọ̀mù tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2011, láti orí oúnjẹ sísè dórí aṣọ rírẹ àti ẹja sínsìn, lọ́dún 2025 ni wọ́n gé e kù sí mẹ́fà: sólà, aṣọ rírán, ẹran ọ̀sìn, ọ̀ṣọ́ àti ìtọ́jú ara, títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe, àti ọ̀gbìn. Méjì ni ilé ìwé tiwọn mú nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, aṣọ rírán àti títún fóònù ṣe. Gbogbo obìnrin Áàtì ni wọ́n dà sí aṣọ rírán láìbi ẹnì kankan, àwọn ọkùnrin ni wọ́n kó lọ sí fóònù. Ọmọ mi kórìíra abẹ́rẹ́. Èmi ìyá ẹ̀ ń ta aṣọ, kò lè rán bọ́tìnnì, mi ò mọ ibi tó ti gbé e wá.

Nígbà tí a ń dúró kó tó kàn wá, iwájú ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ló dúró sí, ó ń wo ọmọkùnrin kan tó ń jó sódà sórí bọ́ọ̀dù, ó bi í ní ìbéèrè títí ọmọkùnrin yẹn fi gbé gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá fún un kó fi wò ó. Ọ̀gá ti rí i. Òun ló ní ṣé ó fẹ́ pààrọ̀ trade ẹ̀, tí ilé ìwé bá ti ní i lọ́wọ́ tí táàmù ò sì tíì jìnnà, lẹ́tà òbí sí purinsípà ti tó. Ó bá wa kọ lẹ́tà náà, ojú ewé kan, kò bẹ̀bẹ̀ jù kò sì halẹ̀, 500 náírà. Mo gbé e lọ, purinsípà kà á, ó ní ó dáa, ọmọ ti wà ní kíláàsì fóònù báyìí láàárín àwọn ọkùnrin, kò tíì bú Máàsì ní gbangba láti ìgbà náà. Ní ìkọ̀kọ̀, mi ò mọ̀.

Ẹ jẹ́ n fi èyí sí i nítorí àwọn tó máa ní lókè òkun wọn kì í fipá mú ọmọ. Àbúrò mi wà ní Houston, mo pè é kí n tó lọ sí Under G rárá, mo rò pé ó máa gbè sẹ́yìn ọmọ. Ọmọ tiẹ̀ wà ní kíláàsì kẹsàn-án, tí wọ́n ń pè ní freshman, háì sìkúù tiwọn jẹ́ ọdún mẹ́rin, tiwa SS jẹ́ mẹ́ta. Ó ní kọ́ọ̀sì dandan wà lọ́dọ̀ àwọn náà, Máàsì wà níbẹ̀ gbọingbọin. Ọ̀nà tí ọmọ fi lè fo kọ́ọ̀sì tí kò tíì jókòó sí ní Texas ni kó ṣe ìdánwò kọ́ọ̀sì yẹn, kó sì gba ó kéré tán 80 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á fún un ní kírẹ́díìtì ẹ̀, á máa lọ sí èyí tó kàn. Ìyẹn ni pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ló lè fò ó. Mo sọ ọ́ fún ọmọ mi, ó ní ìyẹn ò bá ọ̀rọ̀ òun mu. Mo ní mo mọ̀.

Ó wá ku lẹ́sìnnì. Ọ̀gá ní kó tó di pé mo san owó lẹ́sìnnì kankan, kí ọmọ kọ́kọ́ ṣe ìdánwò kékeré kan, ẹgbẹ̀rún kan náírà, ìbéèrè láti JS1 dé JS3 ló wà níbẹ̀, kò sí ti SS1 níbẹ̀ rárá. Mo rò pé ọgbọ́n owó ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ní òun ò mọ Máàsì yìí gba gbogbo ìbéèrè pẹsẹ́ǹtì àti èrè owó, torí ó máa ń bá mi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, ó mọ iye tí mo fi ra yáàdì mẹ́fà àti iye tó yẹ kí n tà á. Ibi tó ti ń ṣubú ni ibi tí àmì yíyọ bá ti pàdé búrákẹ́ẹ̀tì. Ẹ fún un ní 5 yọ yíyọ 3, ìyẹn 5 − (−3), á kọ 2. Bẹ́ẹ̀ 8 ni. Àti ìdá tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ wọn ò bára mu. Ohun méjì yẹn náà ni, JS2 ni wọ́n ti yẹ kó yé e, ó sì ń gbé wọn kiri látìgbà náà. Tíṣà SS1 wá dé, ó ń kọ́ wọn ní índíísì àti lógárídíìmù, níbi tí àmì yíyọ ti ń gun orí nọ́ńbà, kí ni ọmọ ò ní fi sọ pé òun ò ṣe mọ́.

Ẹni tó ń kọ́ wọn jẹ́ ọmọ LAUTECH tó ń ka ẹnjiníà. Ó mọ ìṣirò gan-an. Ọ̀nà tó fi ṣàlàyé àmì yíyọ fún ọmọ mi rèé, ó ní, "O ní náírà 5. O jẹ mí ní 3 tẹ́lẹ̀. Mo bá ọ yọ gbèsè yẹn kúrò. Ṣé ipò ẹ sunwọ̀n sí i ni àbí ó burú sí i?" Ọmọ ìyá oníṣòwò gbọ́ gbèsè, ojú ẹ̀ là. Ṣùgbọ́n ẹni náà máa ń sáré. Tí ó bá ti yé ọmọ méjì tó wà níwájú, ó ti lọ nìyẹn, àwọn tó wà lẹ́yìn á máa wo ara wọn. Mo bá ọ̀gá sọ ọ́, ó ní òun á bá a sọ̀rọ̀, ọmọ mi ní ó dín eré kù fún ọ̀sẹ̀ kan, ó tún gbéra. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lóṣù, ìrọ̀lẹ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀ àti àárọ̀ Sátidé. Ti Sátidé ò tọ́ sí owó yẹn lójú tèmi, èrò pọ̀ jù, wọ́n á kó ọmọ SS1 mọ́ àwọn tó ń múra JAMB, àwọn yẹn ń lé ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì, àwọn yìí ṣì ń wá búrákẹ́ẹ̀tì. Ti ìrọ̀lẹ́ dáa.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn níbẹ̀ tún wà. Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn yẹn ò ní ẹ̀yìn, ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan á mọ̀ pé òun ní ìbàdí. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ò sí, ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń tọrọ, ìyá ilé yẹn kì í sì í túra ká. Sólà ni wọ́n fi ń ṣe iná, ìyẹn dáa, kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀ létí ọmọ, ṣùgbọ́n tí òjò bá ti ṣú láti ọ̀sán, ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ǹpútà méjì péré ló ń ṣiṣẹ́. Gbogbo nǹkan ni wọ́n ń pírìǹtì. Ẹ ní ẹ fẹ́ wò ó lórí fóònù, wọ́n á ní ẹ gbà á lọ́wọ́ kẹ́ ẹ lè fi pamọ́, 100 náírà ojú ewé kan, ohun tí ọmọ wò ní IBASS lọ́jọ́ yẹn nìkan, ìwé tí wọ́n kó lé mi lọ́wọ́ nípọn. Wọn ò yọ mí lẹ́nu nígbà tí mo ní ó tó, ṣá o.

Wọ́n jẹ́ olóòótọ́ nípa ohun tí wọn ò lè ṣe. Ìyá kan wà níbẹ̀ nígbà tí a lọ, ó fẹ́ kí wọ́n forúkọ ọmọ òun sílẹ̀ fún JAMB, ọ̀gá ní rárá, pé àwọn kì í ṣe sẹ́ńtà CBT, ibi ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, tí JAMB fọwọ́ sí, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é, ó bá a fi NIN ọmọ ránṣẹ́ sí 55019 kí nọ́ńbà profáìlì lè wọlé, ó júwe ibi tó máa lọ fún un, kò gba nǹkan kan. Mo mọ ibi tí wọ́n á ti gba owó ìyá yẹn tí wọ́n á ní kó padà wá lọ́la.

Tó bá jẹ́ pé ọmọ yín ń sunkún tàbí kò sùn nítorí Máàsì, tàbí tíṣà ń nà án, ibẹ̀ kọ́ ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, ilé ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Tó bá jẹ́ SS2 tó ti fẹ́ parí ló ti ń rò ó, owó ìjókòó yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́, àyè àti pààrọ̀ trade náà á ti lọ. Àwọn tí ibẹ̀ wà fún ni ọmọ táàmù àkọ́kọ́ SS1 tó ń rojọ́, tí òbí ẹ̀ ò ní èsì.

Ẹ lọ ní àárọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ má lọ nígbà tí wọ́n bá ń forúkọ sílẹ̀ fún JAMB torí ẹ ò ní rí ọ̀gá bá sọ̀rọ̀. Ẹ mú ripọ́ọ̀tù káàdì JS3 ọmọ dání, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè, mi ò mú un, a ní láti fóònù bàbá ẹ̀ kó yà á ní fọ́tò, ó ya ti àbúrò ẹ̀. Tiransífà ni wọ́n máa ń gbà, wọ́n tún ń gba káàṣì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pírìǹtì, ẹ ní kí wọ́n fi fáìlì ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ṣọ́ọ̀bù kejì sí tiwọn ń ṣe é ní 50 náírà.